Kí O Tó Ra Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Di Ọta Yẹn

Ilé wa, Ìkàrẹ́-Àkókó,
Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àárọ̀.

Jámíù ọmọ mi, ọkọ Ṣẹ̀rífá,

Ṣé ara rẹ le, ti ìyàwó rẹ náà ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé iṣu tí o fi ránṣẹ́ láti Ọ̀kà ti dé, ó sì ti ń tán lọ. Èmi ò tíì rí nínú rẹ̀ jẹ tó bó ṣe yẹ, torí ó ní iṣu gígún ló yẹ eyín mi, òun kò sì lágbára àtigún iyán lọ́sẹ̀ yìí.

Ìwé yìí á yà ọ́ lẹ́nu, torí o mọ̀ pé èmi kì í kọ̀wé. Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà, ìwọ̀n pákó nìkan ni mo máa ń kọ, ara pákó náà ni mo sì ń kọ ọ́ sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò rẹ Múlíkà fi àwọn àwòrán tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀ hàn mí. Mo rí ẹ̀rọ onírin tó lọ́wọ́ gbọọrọ, mo rí agolo oríṣiríṣi, mo sì rí ohun tí o kọ sábẹ́ wọn: "Bá mi bi Bàbá bóyá wọ́n á lè bá mi kan tábìlì tí màá gbé e lé. Ní kí wọ́n má wọ́rì o, mo ti wò ó nínú fídíò, kò le rárá. Màá máa rọ ẹ̀tù sínú ọta, kí n máa dì í fúnra mi."

Mo wọ́rì.

Má rò pé mo fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun tí o rí ní Ọ̀kà, pé wọ́n fi oko ńlá bẹ́ẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú rẹ. Mo mọ̀ pé òyà ń jẹ ẹ̀gẹ́ yín ní àjẹrun, mo mọ̀ pé àwọn ọdẹ Ọ̀kà ti gbà ọ́ mọ́ra, mo mọ̀ pé ìbọn tí o rà níwèé lọ́wọ́ ìjọba. Mo sì mọ̀ pé ọta kì í sábà wà lọ́jà lásìkò tí ẹ bá fẹ́ ẹ. Gbogbo èyí yé mi. Ohun tí kò yé mi ni "kò le rárá" tí o kọ yẹn. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, Jámíù. Àkísà tèmi ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ lónìí, kì í sì í ṣe ohun tó wù mí láti fi hàn ẹnikẹ́ni.

O mọ ojú ọ̀tún Bàbá Kékeré rẹ, Sálíù. Ohun tí a sọ fún gbogbo yín nígbà tí ẹ ń dàgbà ni pé ìbọn Bàbá wa ló bẹ́ sí i lójú, pé irin rẹ̀ ti gbó, àti pé alágbẹ̀dẹ kan ní Ọ̀bà tún un ṣe níṣekúṣe. Ìbọn bẹ́ lóòótọ́. Èyí tó kù, irọ́ ni, èmi ni mo sì pa á, àfi kí n sọ pé ẹlòmíì ló kọ́kọ́ pa á tí mo jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò fẹ́ lọ dáná sun igbó lọ́nà Ifira kí a lè pa òyà. Mo ti níyàwó nígbà náà, Sálíù kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ki ìbọn ṣakabùlà Bàbá wa. Àwọn tó ń lọ ti kóra jọ síta, wọ́n ń pè mí. Mo ti bu ẹ̀tù sínú ìbọn tán, mo fẹ́ fi àkísà dí i, ni Bàbá Lámídì, tó jẹ́ àgbà jù ní òpópónà wa, bá yọjú.

"Ẹ kú usẹ́ o, Ráṣídì. Ará ulé ńkọ́?"

Kí ni ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa á ṣe? Mo gbé ìbọn ti ògiri, mo dọ̀bálẹ̀. O mọ bí ìkíni wa ṣe máa ń rí. Wọ́n bi mí nípa orúnkún Bàbá wa, mo dáhùn. Wọ́n bi mí nípa ìyá rẹ, wọ́n bi mí nípa àna mi ní Òkè-Àgbè, wọ́n bi mí bóyá pákó ti wọ́n. Wọ́n wá gbàdúrà fún mi, àdúrà náà kò kúrú, mò ń ṣe àmín. Nígbà tí wọ́n lọ tán tí mo padà jókòó, mo wo ìbọn, mo wo ìwo tí ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, mi ò sì rántí mọ́. Ṣé mo ti bù ú ni, àbí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bù ú?

Ọ̀nà wà tí mo fi lè mọ̀. Ọ̀pá tí Bàbá wa fi ń ki ìbọn ní àmì ọ̀bẹ lára. Bí o bá tì í bọnú ìbọn tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, àmì náà á wọlé tán. Bí ẹ̀tù bá ti wà níbẹ̀, àmì á dúró síta. Ṣùgbọ́n ọ̀pá náà ti sọnù lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú, èmi sì ti gé òmíràn. Káfíńtà ni mí, mo gé e, ó tọ́, ó dán. Àmì nìkan ni mi ò fà sí i. Mo ní màá fà á tó bá yá.

Mo lè da gbogbo rẹ̀ nù kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pariwo orúkọ mi níta, ojú sì ń tì mí láti pẹ́. Mo bá bu ẹ̀tù sí i. Ẹ̀tù méjì ni mo fi sínú ìbọn kan.

Sálíù ti ń bẹ̀ mí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ náà pé kí n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yìn ín. Nígbà tí a dé ibi ìsungbó, mo gbé e fún un. Mi ò fẹ́ ròyìn bó ṣe rí. Ọmọ náà kò tilẹ̀ ké. Ó jókòó sílẹ̀ nínú eérú, ó fọwọ́ bojú, ó ń pe orúkọ mi bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí a gbé e délé, tí mo gbé ìwo ẹ̀tù, ó fúyẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ nígbà yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ pé, "Ṣé kì í ṣe alágbẹ̀dẹ Ọ̀bà yẹn ló tún ẹnu ìbọn yìí jó? Usẹ́ ọwọ́ rẹ̀ nìyí." Gbogbo ilé gbà bẹ́ẹ̀. Èmi dákẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ọdẹ fi dẹ́kun gbígbé ìbọn lọ bá ọkùnrin náà, ọkọ́ àti àdá ló kù tó ń rọ. Ó kú kí n tó láyà láti tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Èmi jìn sí i, mo sì dákẹ́ síbẹ̀, n kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ní báyìí tí ọmọ tèmi fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ kòtò yẹn kọjá, mi ò lè dákẹ́ mọ́. Gbọ́ ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe.

Èkíní, ìwé. Kí o tó ra ohunkóhun, padà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fún ọ níwèé ìbọn, kí o bi wọ́n bóyá òfin gba ẹni bíi tìrẹ láàyè láti máa di ọta nílé. Má bi ẹni tó fẹ́ ta ẹ̀rọ fún ọ. Ẹni tó ń ta ewúrẹ́ kì í sọ pé ewúrẹ́ òun máa ń já okùn. Bí wọ́n bá ní kò sí àyè, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, máa ra ọta bí o ṣe ń rà á, kí o dẹ pàkúté fún òyà. Má ṣe sọ fún mi pé gbogbo ayé ló ń ṣe é. Sọ fún olórí ọdẹ yín náà, kó má baà jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì ló ti máa gbọ́.

Èkejì, ibi tí wàá ti máa ṣe é. O ò dárúkọ yàrá kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ, ẹ̀rọ lásán lo ń sọ. Ẹni tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù kì í kọ́kọ́ ra ayùn. Wá yàrá tó nílẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́, tó jìnnà sí ibi ìdáná, tó ní fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé. Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ wà níbi tí Ṣẹ̀rífá ti ń dáná, kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Inú agolo tó bá wá ni kó máa gbé, kí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí o bá dà á sínú ìgò oyin, ọjọ́ kan lẹnìkan á pè é ní nǹkan mìíràn. Agolo kan ṣoṣo ni kó wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ ta ẹ̀tù fún ọ nínú ọ̀rá, tí kò lórúkọ, kí i pé ó dàbọ̀.

Tábìlì náà, èmi ni màá kàn án. Pákó ìrókò wà níbí tí mo ti fi pamọ́ láti ọdún tó kọjá, ó ti gbẹ. Màá fi igi tínrín yí etí rẹ̀ ká kí nǹkan má máa yí bọ́ sílẹ̀, màá sì fi ìdè kàn án mọ́ ògiri nígbà tí mo bá dé, torí ẹ̀rọ tó bá ń mì kò lè ṣiṣẹ́ tó dọ́gba.

Ẹ̀kẹta ni ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Méjì ni mo rí nínú àwòrán. Ọ̀kan wà tí o máa fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tí á ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo lára ọta kan ṣoṣo. Èkejì ń yí po, ó ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Múlíkà ní èkejì yẹn lo fàmì sí. Mo mọ̀ pé òun lo máa fàmì sí, torí láti kékeré ni o ti fẹ́ràn ohun tó ń yí. Ra èkíní. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń la pákó fún odidi ọdún méjì, ayùn ọwọ́ ni mò ń fà. Mo bú u nínú ọkàn mi lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo fi ń kọ ìwé yìí, o sì mọ iye káfíńtà Ìkàrẹ́ tí kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yára, tó bá ṣe àṣìṣe, àṣìṣe náà á yára. Ọta mẹ́wàá tí o mọ bó ṣe rí dára ju ọgọ́rùn-ún tí o kàn ń gbọ́ ariwo wọn lọ.

Ẹ̀kẹrin, ìwọ̀n. Orí ìwo ewúrẹ́ tí Bàbá wa gé ni àwa fi ń wọn ẹ̀tù. Àwọn mìíràn ń lo ìdérí agolo mílíìkì. Ẹ̀tù kan yàtọ̀ sí òmíràn, ó lè kún ìwo kan náà kí agbára rẹ̀ má dọ́gba. Nítorí náà ra sikéèlì kékeré tó dára, irú èyí tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò, kí o sì ra òkúta ìwọ̀n tí wàá máa fi yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Bí owó kò bá tó ohun gbogbo, ra sikéèlì, kí ẹ̀rọ dúró. Ìwé wà tí àwọn tó ṣe ẹ̀tù máa ń kọ nípa iye tó yẹ. Ra ìwé náà, kí o sì ṣe ohun tó wí, má gba ti ẹni tó wà nínú fídíò. Mo mọ̀ ọ́, Jámíù. O kì í ra gàárì kí o má tọrọ ènì. Ẹ̀tù kì í gba ènì.

Ẹ̀karùn-ún, pátákó oníhò. Kò sí nínú ohun tí o kọ, bẹ́ẹ̀ òun ni ìbá gba ojú Sálíù là. Màá gbẹ́ ọ̀kan fún ọ, àádọ́ta ihò, ọta kan nínú ihò kan, kí gbogbo wọn dojú sókè. Bí o bá ti bu ẹ̀tù sí wọn, tan tọ́ọ̀ṣì, kí o wo inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí o tó pa ẹnu èyíkéyìí dé. Èyí tó bá ga ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, tàbí tó lọ sílẹ̀ jù, dà á padà. Èmi ò lè wo inú ìbọn lọ́jọ́ yẹn. Ìwọ lè wo inú ọta.

Èyí tí mo fẹ́ sọ kẹ́yìn kò sí lọ́jà. Ìkíni ni. Ọmọ Yorùbá ni ọ́, o sì ti gba ẹ̀kọ́ ilé; bí àgbà bá kí ọ, wàá dìde. Nítorí náà, kí ilẹ̀kùn yàrá yẹn wà ní títì, kí fóònù rẹ wà lọ́wọ́ Ṣẹ̀rífá, kí ó sì máa sọ fún ẹni tó bá dé pé o ń bọ̀. Bí ẹnìkan bá wọlé dé ọ́ láàárín iṣẹ́, ìbáà ṣe olórí ọdẹ, ìbáà ṣe èmi, dá a lóhùn dáadáa. Lẹ́yìn náà da ohun tó wà níwájú rẹ padà sínú agolo, kí o bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Má gbìyànjú láti rántí. Èmi gbìyànjú láti rántí.

Bí àṣìṣe bá sì ṣẹlẹ̀ síbẹ̀, jáde kí o sọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ó rọrùn lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíì á ti sọ tirẹ̀ fún ọ, wàá rí i pé ó rọrùn láti fi orí sábẹ́ rẹ̀. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a, wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Tèmi ti lé ní ogójì ọdún, òtítọ́ kò sì bá a. Èmi ni mo padà lọ pàdé rẹ̀.

Òní ti di Ọjọ́bọ̀. Mo ti fẹ́ di ìwé yìí lánàá, kí n fi rán awakọ̀ tó ń lọ sí Ọ̀kà. Mo wá rò ó pé kò dára kí ọmọ mi mọ ohun tí ẹni tó fojú san án kò mọ̀. Mo mú un lọ sílé Sálíù lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. O mọ ìjókòó rẹ̀, ó máa ń yí ojú òsì sí ẹni tó bá ń bá a sọ̀rọ̀. Mo ní mo fẹ́ ka nǹkan fún un. Ó rò pé ìwé ìpè síbi ìgbéyàwó ni. Mo kà á láti òkè dé ibi tí mo kọ ọ́ dé nígbà náà.

Ó wá bi mí pé, "Ùwọ mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Gbogbo ìgbà tí mò ń gégùn-ún fún alágbẹ̀dẹ yẹn, ùwọ ń gbọ́?"

Mo ní mò ń gbọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Nígbà tó yá, ó ní kí n tún ka ibi tí mo ti to ohun tí o máa rà lẹ́sẹẹsẹ. Mo tún un kà: ìwé, yàrá, tábìlì, ẹ̀rọ, sikéèlì, pátákó. Ó ń fi ìka kà wọ́n.

Ó ní, "O ò kọ awò ojú síbẹ̀."

Jámíù, mo wo ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mi ò kọ ọ́ síbẹ̀ lóòótọ́.

Ó ní kí n sọ fún ọ pé kí o má tíì ra ohunkóhun. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun fúnra òun á wá sí Ọ̀kà, òun á mú awò ojú méjì dání, òun á sì jókòó tì ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi yé ọ. Mo ní ó dáa, pé a ó jọ wọ mọ́tò kan náà ní gáréèjì. Ó ní rárá, kí n má bá òun wá. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, mi ò ní wá. Tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ráṣídì.